Rìháásà ni Fíìmù Michael Jackson Yìí, Ẹ Má Dá A Lẹ́jọ́ Eré Gan-an

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Bí oṣù kẹfà bá ti ń parí lọ, tí ìrántí ikú Michael Jackson tún dé, àwọn ènìyàn a tún bẹ̀rẹ̀ sí í wo fíìmù This Is It, tó jẹ́ àkójọ rìháásà rẹ̀ tó kẹ́yìn, ìyẹn ìgbáradì eré, ẹjọ́ kan náà ni ọ̀pọ̀ sì ń dá: ohùn ọkùnrin náà ti lọ, kò lè kọrin dókè mọ́, ijó rẹ̀ ti dẹ̀. Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ ìró ohùn, lórí ìtàgé àti nínú fíìmù, kò fara mọ́ ìdájọ́ yìí. Ẹni tó ń dá a ń wo ìgbáradì bí ẹni ń wo eré tó ti jinná. Lọ́pọ̀ ìgbà pàápàá, ẹ̀rọ tó fi ń wò ó ti jí ìdajì ohùn náà gbé kó tó dé etí rẹ̀.

Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹta ọdún 2009 ni Jackson kéde ní London pé òun ń padà bọ̀ sórí ìtàgé ní gbọ̀ngàn O2. Eré 10 ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ. Tíkẹ́ẹ̀tì tà débi pé wọ́n sọ ọ́ di 50, tí yóò bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje, tí yóò sì wọ oṣù kẹta ọdún 2010. Láti ìgbà tí ìrìn-àjò orin HIStory ti parí ní 1997, kò tíì tún ṣe irú rẹ̀. Los Angeles ni wọ́n ti ń gbára dì, ní Forum tó wà ní Inglewood, lẹ́yìn náà ní Staples Center. Alẹ́ ọjọ́ 24 oṣù kẹfà ni wọ́n ṣe rìháásà tó kẹ́yìn. Lọ́jọ́ kejì ni ó kú, lẹ́ni ọdún 50. Àwọn kámẹ́rà tó ń tẹ̀ lé wọn kiri kò sí níbẹ̀ nítorí sinimá rárá. Àkójọ Jackson fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń yà á sí. Kenny Ortega, tí òun àti Jackson jọ ń darí eré náà, ló padà darí iṣẹ́ gígé àwòrán tó ju wákàtí 100 lọ, tí wọ́n fi di nǹkan bí ìṣẹ́jú 111. Ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá ọdún 2009 ni fíìmù náà jáde.

Ìyẹn ni pé kò sí orin kan nínú rìháásà wọ̀nyẹn tó jẹ́ pé iwájú èrò ni ó ti kọ ọ́. Ẹni tó bá sì mọ iṣẹ́ akọrin mọ̀ pé a kì í ná gbogbo ohùn tán ní rìháásà. Tán-án-ná ọ̀fun, ìyẹn awẹ́ méjì inú ọ̀fun tó ń mú ohùn jáde, jẹ́ ẹran ara. Bí akọrin bá ń kọrin sókè, tán-án-ná ń gbá ara rẹ̀ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bó bá pẹ́ lẹ́nu rẹ̀, ó ń wú, bó bá sì ti wú, ohùn òkè ló kọ́kọ́ ń sá lọ. Ẹni tí eré 50 ń dúró dè kò gbọdọ̀ jẹ́ kó débẹ̀. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń fi ohùn jẹ́jẹ́ júwe ọ̀nà orin: ó ń sọ ohùn òkè kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀, ó ń fo ìlà mìíràn, ó ń jẹ́ kí àwọn elégbè gbé apá tó wúwo. Àwọn oníjó náà ń ṣe tiwọn bẹ́ẹ̀, wọn a fi ọwọ́ júwe ohun tí ẹsẹ̀ máa ṣe. Bí ẹ bá ti mọ èyí, ẹ wo ibi tí òun àti Judith Hill, ọ̀kan nínú àwọn elégbè, ti jọ kọ I Just Can't Stop Loving You. Orin wọ̀ ọ́ lára, ó gbàgbé ara, ó tú ohùn sílẹ̀ ní ìparí, gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ sì hó yèè. Kíá ló bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má sún òun kọrin jáde nígbà tó yẹ kí òun máa tọ́jú ọ̀nà ọ̀fun òun. Ẹni tó ní ohùn nípamọ́ ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, agbára kọ́ ni kí etí máa wá níbẹ̀. Ẹ tẹ́tí sí i bóyá ohùn ń balẹ̀ sórí ìró tó yẹ ní kíákíá, láìwá a kiri kó tó rí i. Ẹ tẹ́tí sí i bóyá ọ̀rọ̀ ń bọ́ sórí ìlù lákòókò gẹ́lẹ́. Ẹni tí ohùn rẹ̀ ti bàjẹ́ kì í lè ṣe méjèèjì ní ohùn jẹ́jẹ́, nítorí ohùn jẹ́jẹ́ ṣòroó dì mú ju igbe lọ. Human Nature dára púpọ̀ fún ìdánwò yìí: orin pẹ̀lẹ́ ni, kò sí ariwo tí àṣìṣe lè sá sí.

Ibi tí àwọn òǹwòran ṣì gbọ́ jù ni ibi orin àwọn Jackson 5, níbi tó ti dáwọ́ dúró tó ní ó dà bíi pé wọ́n ń ti ẹ̀ṣẹ́ bọ òun létí. Wọ́n á ní ìbínú ni, tàbí pé ó ti gbàgbé orin ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìgbọ́hùn inú etí ni ó ń sọ, ìyẹn sípíkà kékeré tí akọrin ń fi sínú etí láti gbọ́ ara rẹ̀ àti orin. Lórí ìtàgé ńlá, ẹni méjì ló ń po ohùn pọ̀. Ọ̀kan ń pò ó fún èrò láti àárín gbọ̀ngàn. Èkejì, tó sábà máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé, ń pò ó fún akọrin àti àwọn onílù. Tẹ́lẹ̀, sípíkà ni wọ́n ń dorí rẹ̀ kọ akọrin láti ibi ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìgbọ́hùn inú etí ló wá gba ipò rẹ̀, ó sì ní èrè: máíkì kì í gbé ohùn sípíkà padà kó máa hu mọ́, akọrin lè rìn dé ibi tó bá fẹ́ kí ohùn tó ń gbọ́ má yí padà. Ṣùgbọ́n ó ń dí etí pa. Ohùn akọrin a wá máa dún bọ̀ǹbọ̀ láàrin agbárí òun fúnra rẹ̀, gbọ̀ngàn a pòórá, bí ìlù bá sì pọ̀ jù nínú àpòpọ̀, lílù ni yóò máa lu etí. Jackson sọ ọ́ pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́ pé etí lásán ni wọ́n fi tọ́ òun dàgbà láti máa fi gbọ́ orin.

Àtúnṣe rẹ̀ wà, ó sì ní bó ṣe ń tẹ̀ léra. Ẹ mú gbogbo nǹkan wálẹ̀ pátápátá. Ẹ kọ́kọ́ gbé ohùn akọrin nìkan sókè títí yóò fi ní ó tó. Ẹ wá fi ohun èlò kan ṣoṣo tó ń gbé ìró kún un, dùùrù ló dára jù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìlù ńlá àti ìlù pẹlẹbẹ yóò wọlé, ní ìwọ̀n tí akọrin fi lè mọ ibi tí ìlù wà, kì í ṣe ìwọ̀n tí yóò fi jó sí i. Ní ìparí, ẹ gbé máíkì méjì tó kọjú sí gbọ̀ngàn wọlé díẹ̀díẹ̀ kí ó lè gbọ́ inú ilé tó wà. Àṣìṣe tó burú jù ni kí akọrin yọ ọ̀kan kúrò létí kó lè gbọ́ gbọ̀ngàn: yóò ní kí wọ́n fi kún èyí tó kù, etí kan yẹn ni yóò sì jìyà rẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ń fò kọjá nínú fíìmù yìí jẹ́ ẹ̀kọ́ odidi fún ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ìtàgé.

Bákan náà ni ti The Way You Make Me Feel, níbi tí òun àti Michael Bearden, olórí àwọn olórin, ti ń fa ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ orin. Jackson kò fẹ́ kí wọ́n sáré. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kó máa hó díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ eré ńlá ló ń tẹ̀ lé aago kan tó ń dún ko-ko-ko létí onílù, kọ̀ǹpútà kan náà ló sì lè so àwòrán ẹ̀yìn àti iná mọ́ aago yẹn. Kọ̀ǹpútà kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí akọrin bá fẹ́ na ìdákẹ́jẹ́ kan, wọ́n gbọ́dọ̀ dá aago dúró níbẹ̀, kí onílù àti ẹni tó ń tẹ iná gbójú lé ara akọrin, kí ó fi èjìká tàbí ọwọ́ ṣe àmì, kí aago tó tún bẹ̀rẹ̀. Bí wọn kò bá ṣe é, ìlù yóò jáde, àwòrán yóò ṣì wà lẹ́yìn. Nígbà tí Ortega bi Jackson pé báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀ ti yí padà, ó ní òun á mọ̀ ọ́n lára. Ẹ máa wo ojú Bearden àti orí Jonathan Moffett tó ń lu ìlù ní irú àwọn ibi wọ̀nyẹn. Jackson ni wọ́n ń wò. Òun gan-an ni aago wọn.

Ti gìtá Orianthi nínú Black or White kò gba àlàyé púpọ̀: Jackson fẹ́ kó gba ibi tó ga jù, ó sì dúró tì í kó lè débẹ̀.

Ẹ tún mọ bí wọ́n ṣe rán fíìmù náà pọ̀. Aṣọ Jackson ń yí padà láàrin orin kan ṣoṣo, nítorí ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ya àwọn àwòrán náà, ṣùgbọ́n ohùn ń lọ láìjá. Níbi tí aṣọ bá ti yí, ohùn tí ẹ ń gbọ́ lè má jẹ́ ti ọjọ́ tí ẹ ń wò. Nítorí náà, kí a má fi gbogbo ibi tí ètè kò ti bá ohùn mu dá a lẹ́jọ́ pé ó ń yanu lásán. Tí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó kọ lóòótọ́, ẹ dúró de ibi tí kámẹ́rà sún mọ́ ọn tí wọn kò gé àwòrán fún ìgbà díẹ̀.

Ohun kan wà tí fíìmù náà kò fi hàn, ó sì yẹ kí òǹwòran mọ̀ ọ́n. Nígbà ẹjọ́ Conrad Murray, dókítà Jackson, ní 2011, Ortega fúnra rẹ̀ jẹ́rìí pé ara Jackson kò yá rárá nígbà tó dé ibi rìháásà ní ọjọ́ 19 oṣù kẹfà, pé òtútù ń mú un, pé kò sì lè gbára dì lọ́jọ́ náà. Ilé ẹjọ́ dá dókítà náà lẹ́bi ikú rẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún náà. Àwọn ọjọ́ tó dára ni fíìmù kó jọ. A kò rò pé ẹ̀ṣẹ̀ ni, ó sì dùn wá gidigidi nígbà tí a bá ń wo ọwọ́ rẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́ nínú Billie Jean, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fi fíìmù yìí jẹ́rìí sí ìlera rẹ̀, yálà pé ó le tàbí pé ó ti bàjẹ́, ń fi ohun tí kò tó jẹ́rìí.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ wíwo fíìmù náà nílé. Ohùn orí díìsìkì fíìmù náà jẹ́ 5.1: sípíkà mẹ́ta níwájú, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí lẹ́yìn, àti ọ̀kan fún ohùn ìsàlẹ̀. Sípíkà àárín ló sábà ń gbé ọ̀rọ̀ ẹnu àti púpọ̀ nínú ohùn akọrin. Bí ẹ̀rọ bá ń rán mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jáde, tó sì jẹ́ sípíkà méjì péré ló wà nílé, ti àárín lè sọnù: ẹ ó gbọ́ ìlù rẹpẹtẹ, ohùn a sì dà bí ẹni wà nínú kànga. Ẹ wọ ibi ètò ohùn, ẹ yan Stereo tàbí PCM dípò Bitstream tàbí Surround. Ẹ fi ibi tí Ortega ti ń bá ìtàgé sọ̀rọ̀ dán an wò. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá yéni láìfi kún ohùn, ó ti dára. Bí sípíkà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá pé, tí ohùn ṣì kéré, ẹ fi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì (ìwọ̀n ariwo ohùn) 2 tàbí 3 kún ti àárín nìkan, ó ti tó. Ẹ pa Auto Volume àti Night Mode, nítorí wọ́n ń fa ìsọ̀rọ̀-jẹ́jẹ́ sókè, wọ́n sì ń tẹ ìlù mọ́lẹ̀.

Bluetooth ló ń ba ijó jẹ́. Ó lè fi nǹkan bí 0.1 sí 0.25 ìṣẹ́jú-àáyá pẹ́ kí ohùn tó jáde. Billie Jean ń lọ ní nǹkan bí ìlù 117 láàrin ìṣẹ́jú kan, ìlù kan sí èkejì kò ju bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Ẹsẹ̀ á ti kanlẹ̀ tipẹ́ kí ìlù tó dé, àwọn òǹwòran á sì ní àwọn oníjó kò bá ìlù mu. Ẹ lo wáyà. Audio Delay inú tẹlifíṣọ̀n kò ní ṣèrànwọ́, torí ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń ti ohùn sẹ́yìn ni, kì í fà á síwájú. Bó bá jẹ́ VLC, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń wo fíìmù, lórí Windows lẹ ń lò, bọ́tìnnì J ń fa ohùn síwájú ní 0.05 ìṣẹ́jú-àáyá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, K sì ń dá a padà.

Ní ti àwòrán, ẹ pa èyí tí Samsung ń pè ní Auto Motion Plus tàbí Picture Clarity, tí LG ń pè ní TruMotion, tí Sony ń pè ní Motionflow. Ó ń dá àwòrán tí kámẹ́rà kò yà sáàárín èyí tó yà, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tó ń yára a wá ní òjìji lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹ yẹra fún Zoom, nítorí fíìmù náà máa ń to àwòrán bíi mélòó kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, Zoom a sì gé tẹ̀gbẹ́ kúrò. Fún tẹlifíṣọ̀n íńṣì 55, bíi mítà 2.3 ló yẹ kí ìjókòó fi jìnnà sí i.

Ẹ wo gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láìfo ọ̀rọ̀ àárín orin. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ fi ìgbọ́hùn tó bo etí wo ibi mẹ́ta péré: ti Judith Hill, ti ìgbọ́hùn inú etí, àti ti ìbẹ̀rẹ̀ The Way You Make Me Feel.

Olóòtú, a fẹ́ bẹ àwọn tó ń ṣe àgbéyẹ̀wò fíìmù nínú ìwé ìròyìn yín pé bí wọ́n bá tún fẹ́ kọ̀wé nípa irú fíìmù báyìí, kí wọ́n máa sọ fún òǹkàwé bóyá rìháásà ni wọ́n wò tàbí eré, àti irú ẹ̀rọ ohùn tí wọ́n fi gbọ́ ọ. Ìlà méjì péré ló máa gbà.

Àwa ni tiyín nítòótọ́,
Àwọn oníṣẹ́ ìró ohùn tó ń ka ìwé ìròyìn yín