Ẹsẹ̀ kan tó bá wú lẹ́yìn ìbímọ, ẹ má wọ́ ọ o

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Àbúrò mi obìnrin ló bímọ, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ṣe fún un, tìyá tọmọ wà ní àlàáfíà, a ti ń palẹ̀ mọ́ fún ìkómọ ló bá ní ẹsẹ̀ òsì ń dun òun lẹ́yìn ojúgun. Màámi ní wàhálà ìbímọ ni, ìyá kan ládùúgbò ní ó ti tẹ nǹkan burúkú. Bí wọ́n ṣe ń fi òrí àti àdí wọ́ ọ láàárọ̀ lálẹ́ nìyẹn, èmi gan-an ni mò ń bá wọn di ẹsẹ̀ náà mú. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ẹsẹ̀ ọ̀tún wà bó ṣe wà, tòsì ti wú dé itan, ó ń dán, ó gbóná lọ́wọ́, ó wá ní àyà ń gún òun tóun bá fẹ́ mí kanlẹ̀, ló bá di eré lọ sọ́sibítù.

Dọ́kítà ò tíì ṣe skáànù tó ti bi wá pé ta ló ń wọ́ ẹsẹ̀ yìí, ó ní ká má fọwọ́ kàn án mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ló dì sínú iṣan tó wà nínú lọ́hùn-ún, ó ti já díẹ̀, èyí tó já yẹn ti lọ dúró sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ó ní táa bá ń rìn, ẹran ẹsẹ̀ ló máa ń fún iṣan tí ẹ̀jẹ̀ fi ń gòkè padà sọ́kàn, ẹni tó bá wá dùbúlẹ̀ pẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ò ní lọ geere, pẹ̀lú pé ẹ̀jẹ̀ aláboyún máa ń tètè dì, Ọlọ́run ló ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má baà dà pa á lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀, àmọ́ ó ṣì máa wà bẹ́ẹ̀ bí ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn ìbímọ.

Abẹ́rẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń gún un níkùn, ó wá lo oògùn oníhóró, ó lé lóṣù 3. Ó ti ń rìn dáadáa báyìí, mo dúpẹ́.

Ohun tó dùn mí ni pé lọ́jọ́ tí wọ́n dá wa sílẹ̀ níbi táa bímọ sí, wọ́n kọ́ wa báa ṣe máa tọ́jú ojú abẹ, wọ́n kọ́ wa ti ìwọ́ ọmọ, kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba ẹsẹ̀. Kì í sì í ṣe abiyamọ nìkan ni ẹ̀jẹ̀ lè dì sí lẹ́sẹ̀ o, ẹni tí wọ́n fi POP sí lẹ́sẹ̀ wà níbẹ̀, aláìsàn jẹjẹrẹ, ẹni tó jókòó sójú kan nínú ọkọ̀ tó ju wákàtí 4 lọ.

October 13 ni gbogbo ayé fi ń sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ dídì. Tó bá ti kù bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kọ ọ́ gàdàgbà sójú ewé ìlera yín, kí àwọn ìyá wa tó ń wẹ abiyamọ rí i kà.

Òǹkàwé yín, Ìbàdàn