Àjàní, ṣé ọmọ yẹn dìde?

Ìsẹ́yìn, ọjọ́ Àìkú

Àjàní ọmọ mi,

Ìyá rẹ ní kí n kí ọ. Ewúrẹ́ wa bí mẹ́ta, ọ̀kan kú. Òwú tún ti gbówó lórí. Orúnkún ìyá rẹ ti ń gbà á láyè díẹ̀. Ìròyìn ilé kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìgbà mẹ́rin ni mo pè ọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí, o kò gbé e. Ẹni tó bá fẹ́ sá fún bàbá rẹ̀, kó má jẹ́ kí fídíò òun máa rìn kiri. Ó ti dé ọwọ́ mi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ ló fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Bọ̀dá Àjàní ti wọ ẹgbẹ́ o." Bí ìyá rẹ ṣe gbọ́ "ẹgbẹ́" ló káwọ́ lérí. Èmi ni mo gbèjà rẹ. Mo ní ẹgbẹ́ eré ìjà onílù ti àdúgbò ni, tọmọdé tàgbà ló ń ṣe é ní Salvador ní Brazil níbẹ̀, capoeira lorúkọ rẹ̀, o sì ti ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ó fọkàn balẹ̀. Ìgbà tó wọlé lọ sùn ni mo tún un wò, ni ọkàn tèmi ò bá balẹ̀ mọ́.

Ẹ pagbo, gbogbo yín wọ funfun. Ọkùnrin kan ń lu ọrun tí wọ́n so akèrègbè mọ́ yẹn, ẹnìkan ń lu agogo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìwọ àti ọmọkùnrin kan wà láàárín, ọmọ náà ò lè ju ọdún mẹ́rìndínlógún lọ. Ẹ ń fì sọ́tùn-ún fì sósì, ó dùn ún wò, mi ò parọ́. Lo bá fọwọ́ tilẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ yí po lókè, gìgísẹ̀ rẹ bá a lẹ́rẹ̀kẹ́. Ó ṣubú, ọwọ́ rẹ̀ há sábẹ́ ara rẹ̀. Fídíò sì parí síbẹ̀.

Ṣé ó dìde?

Má fi ìtàn dá mi lóhùn, ìtàn rẹ wà lọ́wọ́ mi, mo kó gbogbo ìwé rẹ pa mọ́. O kọ ọ́ pé àwọn ẹrú tí wọ́n kó láti Angola àti agbègbè rẹ̀ ni wọ́n gbé gbòǹgbò eré yìí dé Brazil. Inú mi dùn pé o kò purọ́ pé Yorùbá ló ni í, agogo wọn ni tiwa, àti "axé", àṣẹ wa, tí wọ́n ń wí síra wọn, àti àkàrà tí wọ́n ń dín lẹ́bàá títì. O ní òfin 1890 fi ẹ̀wọ̀n oṣù méjì sí mẹ́fà lélẹ̀ fún ẹni tó bá ń ṣe é ní ìgboro, pé ọdún 1937 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Bahia tí Salvador wà ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ ọ̀gá tí wọ́n ń pè ní Bimba. Mo ka gbogbo rẹ̀. Mo tún ka ti Pastinha, ọ̀gá capoeira kejì, nígbà tó wà lọ́mọdé: ọmọ kan tó jù ú lọ ń lù ú, àgbàlagbà ará Angola kan, Benedito, rí i láti ojú fèrèsé, ó pè é, ó sì kọ́ ọ. O kò fi bẹ́ẹ̀ sọ ìparí rẹ̀ fún mi. Àbúrò rẹ ló bá mi wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ojú rẹ̀ fọ́, ó sì kú ní 1981 láìní kọ́bọ̀. Ṣé torí ìyẹn ni mo ṣe ta ilẹ̀ ọ̀nà Òkèhò?

Má bínú. Mi ò yẹ kí n mẹ́nu ba ilẹ̀.

Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn ni èyí tí ìwọ fúnra rẹ kọ: pé ẹni tó bá mọ eré náà dáadáa kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ balẹ̀ lára ẹnìkejì, á dá a dúró níwájú ojú rẹ̀, kí onítọ̀hún kàn mọ̀ pé ó lè bà á. Kí ló dé tí tìrẹ ò dúró? Mo rí ojú rẹ kí o tó yí po, Àjàní. Mo dá fídíò náà dúró síbẹ̀, mo wò ó títí fóònù fi kú. Mo mọ ojú yẹn. Èmi ni mo ni ín.

O mọ bàbá tó ń ta ṣúgà àti ìṣáná ní ìkóríta, tí apá rẹ̀ ọ̀tún ká kò. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan náà la ti jọ kọ́ṣẹ́ òfì. Ọwọ́ rẹ̀ yá ju tèmi lọ, bó bá ju ọ̀kọ̀ òfì, ojú rẹ kò ní bá a. Lọ́dún 1978 a jọ jà ìjàkadì lọ́jọ́ ọdún. Ó ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lójú àwọn ọmọbìnrin láàárọ̀. Mo dá a, ẹ̀yìn rẹ̀ kanlẹ̀, ìjà ti parí nìyẹn. Mo wá fi orúnkún tẹ apá rẹ̀. Ó dún bí igi gbígbẹ. Wọ́n ń hó, wọ́n ń ki mí, mi ò wẹ̀yìn. Wọ́n to eegun náà títí, kò nà mọ́. Kò jókòó sídìí òfì mọ́ láti ọjọ́ náà. Ìyá rẹ rò pé èèṣì ni. Gbogbo ìlú rò bẹ́ẹ̀. Títí dòní, bí mo bá ń kọjá, "Alágbára!" ló fi ń kí mi, mi ò sì tíì lè dúró rí.

Nítorí náà n kò sọ pé kí o fi eré sílẹ̀. Bàbá tó bá sọ bẹ́ẹ̀, á kọ́kọ́ gbẹ́nu lé tirẹ̀. Àbùkù kọ́ ló tún jẹ́ pé o lágbára, mo fẹ́ràn láti máa wò ọ́. Ṣùgbọ́n lọ sílé ọmọ náà. Má ránṣẹ́, má fi fóònù ṣe é. Lọ, kí o wo ọwọ́ rẹ̀, kí o ní kó nà án lójú rẹ.

Àbúrò rẹ ni yóò ya ìwé yìí ránṣẹ́. Mo ní kó má kà á, ṣùgbọ́n o mọ̀ ọ́n.

Jẹun dáadáa. Bí o bá ti rí ọmọ náà, fi okùn wọn orí rẹ̀ fún mi, mo fẹ́ hun aṣọ fìlà kan ránṣẹ́ sí i.

Èmi, bàbá rẹ.