Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: tí ẹ bá pa fóònù oníwáyà, ṣé íntánẹ́ẹ̀tì ilé yín kò ní bá a lọ?

Ẹ̀yin oníbàárà wa,

A kí yín o. Ìbéèrè kan ló ń wọlé tọ̀ wá lemọ́lemọ́ báyìí, ìyẹn la fi ní ká kọ lẹ́tà yìí. Ẹ ní ẹ kì í fọwọ́ kan fóònù oníwáyà mọ́, pé fóònù alágbèéká ni gbogbo ará ilé fi ń pè, pé àwọn tó ń polówó ọjà nìkan ló kù tó ń pe ti ilé, bẹ́ẹ̀ owó rẹ̀ ń jáde lóṣooṣù. Ẹ wá fẹ́ mọ̀ bóyá íntánẹ́ẹ̀tì á bá a lọ tí ẹ bá ní kí wọ́n gé e.

Ó lè bá a lọ. Ó sì lè máa ṣiṣẹ́ lọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ọ̀nà tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọ ilé yín ló máa pinnu rẹ̀, nítorí náà ẹ má tíì pe iléeṣẹ́ kankan. Ẹ kọ́kọ́ lọ wo ẹ̀yìn ráútà yín.

Tí ẹ bá rí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó lọ láti ráútà sí sọ́kẹ́ẹ̀tì fóònù lára ògiri, tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ ike kékeré tó máa ń dún “kà” tí ẹ bá tì í wọlé, DSL lẹ ń lò, ìyẹn íntánẹ́ẹ̀tì tó ń gba wáyà fóònù wọlé. Ẹ tún lè bá àpótí funfun kékeré kan láàárín wọn, tó ní ihò méjì, ọ̀kan fún fóònù, ìkejì fún ráútà. Wáyà bàbà kan ṣoṣo ló wọ ilé yín, àmọ́ ayálégbé méjì ló ń gbé inú rẹ̀: ohùn ẹnu wà ní ìsàlẹ̀, láàárín nǹkan bí 300 sí 3,400 hertz (iye ìgbà tí ìgbì ń mì ní ìṣẹ́jú àáyá kan), íntánẹ́ẹ̀tì wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, láti nǹkan bí 25,000 hertz lọ sókè. Àpótí funfun yẹn ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí kò bá sí i, ariwo ṣìì-ṣìì lẹ ó máa gbọ́ nínú fóònù nígbà tí ọmọ bá ń wo fídíò.

Ìdí nìyẹn tí ohun tí ẹ bá sọ fún iléeṣẹ́ fi ṣe pàtàkì. Tí ẹ bá ní “ẹ bá mi pa láìnì yìí”, odindi ilé ni wọ́n máa wó, ayálégbé méjèèjì á sì jáde. Wọ́n á tú wáyà yín kúrò lára ẹ̀rọ ní ibùdó wọn, iná DSL tó wà lára ráútà á máa ṣẹ́jú ṣáá, kò ní dúró. Àtidá a padà lè wá di ìbéèrè tuntun, tòun ti owó ìfàwọlé àti ọjọ́ ìdúró. Ohun tó yẹ kí ẹ béèrè ni íntánẹ́ẹ̀tì láìsí fóònù, lórí wáyà kan náà. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ló ní i. Ẹ kàn má retí pé owó á já wálẹ̀ púpọ̀: wáyà ṣì wà nílẹ̀, ẹnì kan ṣì ń tọ́jú rẹ̀, owó rẹ̀ á kàn yí orúkọ padà nínú bílì ni. Mi ò pè é ní ìrẹ́jẹ, àmọ́ ó dáa kí ẹ ti mọ̀.

Tí ó bá jẹ́ wáyà róbótó tó nípọn, tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ irin tí wọ́n ń yí wọlé, tàbí tí ráútà yín ń lo síìmù láìsí wáyà kankan, ẹ fọkàn balẹ̀. Wọn ò bá wáyà fóònù tan.

Fáíbà ló gba àlàyé. Fáíbà tó wọ inú ilé gan-an máa ń parí sínú àpótí kékeré kan lára ògiri, okùn tín-ín-rín tí inú rẹ̀ jẹ́ gíláàsì ló gbé e dé ibẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ló sì ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ lè pa fóònù oníwáyà, kò ní mì. Ṣùgbọ́n níbi púpọ̀, inú kọ́bọ́ọ̀dù irin tó wà létí títì ni fáíbà ti ń parí, wáyà bàbà ló sì gbé íntánẹ́ẹ̀tì láti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ yín. Iléeṣẹ́ á pè é ní fáíbà nínú ìpolówó, ayálégbé méjì yẹn náà ló ṣì wà níbẹ̀. Wáyà ẹ̀yìn ráútà ni kí ẹ gbà gbọ́, ẹ fi ìwé ìpolówó sílẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ tọ́jú nọ́ńbà yín, ẹ má pa láìnì náà fúnra yín rárá. Iléeṣẹ́ tuntun ni kó wá fa nọ́ńbà náà nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́; nọ́ńbà tí wọ́n ti pa kò rọrùn láti gbà padà. Ẹ sì mọ̀ pé fífa nọ́ńbà kúrò lórí láìnì DSL lè pa íntánẹ́ẹ̀tì orí rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí íntánẹ́ẹ̀tì tuntun ti máa ṣiṣẹ́ nínú ilé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ń kọ wá lóminú jù ni ti iná. Fóònù oníwáyà àtijọ́ ń gba iná tirẹ̀ láti ibùdó iléeṣẹ́, nǹkan bí vóòtì 48, nínú wáyà yẹn kan náà. Iná lọ ní gbogbo àdúgbò, ó ṣì ń dún. Fóònù tí ẹ bá kì bọ ẹ̀yìn ráútà máa kú pẹ̀lú ráútà, àfi tí ẹ bá fi bátìrì tì í lẹ́yìn. Ẹni tó bá ní àgbàlagbà nílé, tó ń fi bọ́tìnì ọrùn pe ìrànlọ́wọ́, kó wádìí dáadáa kó tó pa ohunkóhun. Nílùú Ọba, ìparí ọdún 2025 ni wọ́n kọ́kọ́ dá fún pípa fóònù oníbàbà, kí wọ́n tó sún un sí ìparí oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2027. Àwọn tó ń lo irú bọ́tìnì bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó fà á. Ẹ̀rọ adènà olè àti fáàsì náà lè wà lórí láìnì yẹn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rántí.

Ẹ tún wo àdéhùn yín bóyá owó ìtanràn wà fún ẹni tó bá kúrò ṣáájú àkókò. Bó bá jẹ́ iléeṣẹ́ náà ló fún yín ní ímeèlì tí ẹ ń lò, ẹ kó àwọn lẹ́tà inú rẹ̀ kúrò kí ẹ tó lọ.

Tí ẹ bá fẹ́ ká bá yín wò ó, ẹ ya fọ́tò ẹ̀yìn ráútà àti sọ́kẹ́ẹ̀tì tí wáyà rẹ̀ wọ̀, kí ẹ fi bílì tó dé kẹ́yìn kún un. Ẹ fọwọ́ bo nọ́ńbà àkáǹtì àti ọ̀rọ̀ aṣínà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí ráútà kí ẹ tó yà á. A máa sọ irú èyí tí ẹ ní fún yín, àti ohun tí ẹ máa sọ fún iléeṣẹ́ yín tí ẹ bá pè wọ́n.