Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: Ìdí tí a fi ń gba ìtọ̀ ajá yín kí a tó fa omi sí i lára

Ẹ̀yin oníbàárà wa ní Kabba, Mopa, Ìsánlú àti gbogbo agbègbè wa, Ọ̀kun o! A kí yín kú òjò, a kí yín kú iṣẹ́ oko.

Inú àwọn kan nínú yín kò dùn sí wa lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Ẹ gbé ọmọ ajá tó ń bì wá, ẹ fẹ́ ká gún un lábẹ́rẹ́ kí ẹ tètè máa lọ, àwa ní kí ẹ dúró ká gba ìtọ̀ rẹ̀ ná. Bàbá ọdẹ kan tiẹ̀ bi wá pé ṣé ìtọ̀ ajá la fẹ́ fi se ọbẹ̀ ni. A jọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n a gba ìtọ̀ náà. Ó yẹ ká ṣàlàyé.

Ọ̀pọ̀ yín gbà pé gbogbo ọmọ ajá tó bá ń bì, parvo, àrùn tó ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru, ni. Lóòótọ́, parvo ló pọ̀ jù nínú ohun tí à ń rí. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà láàárín wọn tó jẹ́ pé kíndìnrín ló daṣẹ́ sílẹ̀, pàápàá lásìkò òjò. Tí ẹ bá tẹ́ àwọn méjèèjì síwájú wa, ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀: méjèèjì ń bì, méjèèjì kọ oúnjẹ, ojú wọn ti jìn, èrìgì wọn ti gbẹ. Ìtọ̀ ló ń yà wọ́n.

Ajá tí èébì àti ìgbẹ́ gbuuru fa omi ara rẹ̀ gbẹ, bí kíndìnrín rẹ̀ bá pé, yóò há omi tó kù mọ́wọ́. Ìtọ̀ díẹ̀ tó bá wá á ki, á sì pọ́n. Lórí awò kékeré tí a fi ń wọn bí ìtọ̀ ṣe ki tó, ó máa ń kọjá 1.030. Èyí tí kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́ kò lè há nǹkan kan mọ́: ara rẹ̀ gbẹ, síbẹ̀ ìtọ̀ rẹ̀ ṣàn, kò láwọ̀, 1.008 sí 1.012 ni awò yóò kà. Tí a bá wá fa omi sí i lára kí a tó gba ìtọ̀, ti ajá tí kíndìnrín rẹ̀ le àti ti èyí tó ti bàjẹ́ á jọ di olómi, ẹ̀rí ti sọnù nìyẹn. Bí ajá kò bá tọ̀ fúnra rẹ̀, a máa fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín fà á látinú àpò ìtọ̀. Kì í pẹ́ rárá. Èyí tó bá ti ń dákú lọ, a kì í dúró de ìtọ̀ kankan, omi la ó kọ́kọ́ fà.

Àwọn kan ní, ṣé ẹ̀jẹ̀ nìkan kò tó ni? Kò tó. Ohun tí à ń wò nínú ẹ̀jẹ̀ ni urea àti creatinine, ìdọ̀tí tó yẹ kí kíndìnrín gbé jáde. Méjèèjì máa ń gòkè nígbà tí ara bá kàn gbẹ, láìjẹ́ pé kíndìnrín ṣe nǹkan kan. Yàtọ̀ sí èyí, creatinine inú ẹran ara ló ti ń wá, ọmọ ajá kò sì tíì lẹ́ran lára púpọ̀. Iye tí ilé àyẹ̀wò kọ pé ó dára fún àgbà ajá lè ti pọ̀ jù fún ọmọ oṣù mẹ́rin.

Kíndìnrín tún máa ń fi ìbàjẹ́ rẹ̀ pamọ́. Bí èèyàn mẹ́sàn-án bá ń ṣe ọ̀wẹ̀ lóko yín, tí mẹ́ta yọ́ lọ, ẹ lè má mọ̀, nítorí àwọn tó kù á fi kún ọwọ́. Ìgbà tí mẹ́fà bá lọ lẹ ó tó rí i pé ebè ò kọ mọ́. Ìdá méjì nínú mẹ́ta kíndìnrín á ti lọ kí ìtọ̀ tó di olómi. Ó máa ń tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin kí creatinine tó ròkè. Ìtọ̀ a máa sọ̀rọ̀ ṣáájú ẹ̀jẹ̀.

Ajá bàbá ọdẹ yẹn kò tíì pé ọdún kan. Ó ti ń mu omi ní àmujù, wọ́n rò pé ooru ni. Ẹnu rẹ̀ ń rùn bí ìtọ̀, egbò wà létí ahọ́n. Ìtọ̀ rẹ̀ ṣàn. Creatinine rẹ̀ ju 5 mg/dL lọ, ìyẹn ibi tí àwọn oníṣègùn ẹranko ń pè ní ìpele kẹrin àìsàn kíndìnrín, ìpele tó burú gan-an. Nígbà tí a fi ẹ̀rọ wo inú rẹ̀, kíndìnrín méjèèjì wú, wọn kò sún kì. Èyí fún wa nírètí, nítorí kíndìnrín tó ti ń kú díẹ̀díẹ̀ tipẹ́ máa ń kéré ni. A wá béèrè ibi tó ń sùn. Abẹ́ àká ọkà bàbà ni, eku sì kún ibẹ̀. Àjẹsára dìgbòlugi nìkan ló gbà.

Leptospirosis, àrùn tí kòkòrò kan ń fà, la fura sí. Kòkòrò yẹn máa ń wà nínú ìtọ̀ eku, omi òjò á gbé e kiri, ajá á là á tàbí kó fi ẹsẹ̀ tó bó rìn nínú rẹ̀. A fún un ní abẹ́rẹ́ tó jẹ́ ẹbí penicillin nígbà tó ṣì ń bì. Nígbà tó lè gbé oògùn mì, ó lo doxycycline fún ọ̀sẹ̀ méjì. Omi tí a fà sí i, a wọ̀n ọ́n. Ìtọ̀ tó jáde, a wọ̀n ọ́n pẹ̀lú. Mílílítà kan sí méjì fún kílò kan ní wákàtí kan là ń retí. Bí kò bá tọ̀ tí a sì ń da omi lé e, ẹ̀dọ̀fóró ni omi náà á lọ. Ìdí nìyí tí a fi ní kí ẹ fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, tí a kò gbé omi lé yín lọ́wọ́ lọ sílé. Ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́ báyìí. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń rí bẹ́ẹ̀: èyí tí kò bá tọ̀ rárá, a kò ní ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, a ó sọ fún yín gbangba.

Àrùn yìí ń ran èèyàn o. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé nu ìtọ̀ ajá tó ń ṣàìsàn. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ da Jik tí ẹ fi omi là síbẹ̀. Àjẹsára rẹ̀ wà nínú èyí tí wọ́n kọ DHLPP sí lára. Lẹ́tà L yẹn, tó dúró fún leptospirosis, ni kí ẹ wò. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin síra, lẹ́yìn náà lọ́dọọdún.

Ti àwọn tó ní Lhasa Apso yàtọ̀. Àwọn kan lára irú ajá yìí ni wọ́n bí pẹ̀lú kíndìnrín tí kò pé. Bí tiyín kò bá dàgbà bí ẹgbẹ́ rẹ̀, tó ń mumi, tó ń tọ̀, tí egungun àgbọ̀n rẹ̀ rọ̀ tàbí tí ojú rẹ̀ wú, ẹ má dúró. Èyí kò ṣeé wò sàn. A lè fún un ní ìgbà díẹ̀ sí i tó rọrùn: oúnjẹ tí phosphorus inú rẹ̀ kò pọ̀ (kò sí egungun, kò sí ẹja gbígbẹ), omi nígbà gbogbo, àti oògùn tó ń dá èébì dúró. Tí ẹ bá fẹ́ àyẹ̀wò tó jinlẹ̀ ju tiwa lọ, a ó kọ ìwé fún yín lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìlọrin.

Bí ajá bá ń tiro, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un ní ibuprofen tàbí diclofenac tiyín. Ó ń dín ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí kíndìnrín kù, ó sì tún burú sí i bí ara rẹ̀ bá ti gbẹ. Gentamicin tí ẹ ń rà lọ́jà láti gún un fúnra yín náà ń ba kíndìnrín jẹ́.

A mọ̀ pé owó àyẹ̀wò méjèèjì ló ń fa kùnrùngbùn. Ẹ lè pín owó náà san lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ sì lè bá wa dín wàhálà kù: bí ajá bá ń bì, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tàbí ọ̀rá sọ́wọ́, ẹ fi abọ́ mímọ́ gbẹ gbe ìtọ̀ rẹ̀ láàárọ̀, kí ẹ rọ ọ́ sínú ìgò kékeré tí a ń fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ mú un dé láàárín wákàtí kan. Bí ọ̀nà bá jìn, ẹ fi sínú kúlà. Ẹ kọ gbogbo oògùn tí ẹ ti fún un sórí ìwé, àgbo pẹ̀lú. Aago mẹ́jọ àárọ̀ la ń ṣí. Lọ́jọ́ Àìkú, ẹ pè wá kí ẹ tó gbéra.

Àwa ni, ilé ìtọ́jú ẹranko yín ní Kabba.