Ẹ wọn òjò kí ẹ tó ṣí pápá iléèwé

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ó ń dùn wá pé pápá ọ̀pọ̀ iléèwé máa ń di ẹrọ̀fọ̀ lóṣù Òkúdù, tí á sì gan bí àpáta nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá lórí rẹ̀ nígbà tó ṣì rin ló bà á jẹ́. Ẹsẹ̀ á ki ilẹ̀ pọ̀, afẹ́fẹ́ ò ní ráyè dé gbòǹgbò koríko, omi á wá dúró sẹ́nu góòlù.

Agolo tí ẹnu àti ìdí rẹ̀ fẹ̀ dọ́gba, pẹ̀lú rúlà, ti tó wọn òjò. Ẹ gbé e síta gbangba, kó jìnnà sí igi àti òrùlé. Ẹ wò ó láago 7 àárọ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ da omi rẹ̀ nù. Mìlímítà 25 péré lórí pápá tó gùn ní mítà 100, tó sì fẹ̀ ní mítà 64, jẹ́ lítà omi 160,000! Bó bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ ti pápá. Lọ́jọ́ kejì, ẹ fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀ níwájú góòlù: bí omi bá sun jáde, kò tíì yá.

Ẹ gbọ́ ìròyìn ojú ọjọ́ láti ọ̀dọ̀ NiMet, àjọ ìjọba tó ń sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí ní Nàìjíríà, kí ẹ tó fọ́n ajílẹ̀, torí òjò ńlá á gbá a lọ.

Àwa olùtọ́jú pápá,
Ìbàdàn