Ife ni kí wọ́n fi ránṣẹ́, kì í ṣe wáìnì

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ìròyìn yín lórí Bad Dürkheim, ìlú ọlọ́gbà àjàrà ní Jámánì, àti Emmaus ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, ìlú méjì tí wọ́n bá ara wọn dọ́rẹ̀ẹ́ bí ọmọ ìyá. Èmi ò fara mọ́ kí wọ́n máa fi wáìnì ta ara wọn lọ́rẹ. Ife ni kí wọ́n fi ránṣẹ́.

Ilé ìfìwéránṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà kì í gbé ọtí rárá. Ẹni tó bá dì í sẹ́rù wọ ọkọ̀ òfúrufú wá sí Amẹ́ríkà, lítà kan péré ni wọn ò ní gba owó ibodè lé lórí, ó sì gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 21. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń ti Jámánì bọ̀, tí wọn ò tíì pé ọdún yẹn, kò lè gbé e nìyẹn.

Ṣùgbọ́n Dubbeglas, ife wáìnì ìbílẹ̀ àwọn ará Bad Dürkheim, ìyẹn ló yẹ! Ìdajì lítà ló ń gbà, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ju ìdí lọ, kòtò róbótó-róbótó sì wà lára rẹ̀ tí ìka ń wọ̀, kó má baà yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ọ̀rá ẹran wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ ki ìwé ìròyìn sínú rẹ̀ dáadáa kí wọ́n tó wé ìta. Ibi ẹnu ló máa ń kọ́kọ́ sán. Kí ife méjì má sì fara kanra nínú páálí.

Oníṣòwò wáìnì,
Philadelphia