Kànga náà wà níbẹ̀

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa,

Nítorí ìgbẹ́ gbuuru tó ń ṣe àwọn ọmọ, Jẹ́nẹ́sísì 21, ẹsẹ 14 sí 19, ni kí a jókòó tì lọ́sẹ̀ yìí. Ábúráhámù fún Hágárì, ìránṣẹ́bìnrin tó bí ọmọ fún un, ní oúnjẹ àti ìgò omi kan, ó ní kí òun àti ọmọ náà máa lọ. Omi tán nínú aginjù. Ìyá gbé ọmọ sábẹ́ igbó, ó lọ jókòó lókèèrè, ìwọ̀n ìtafà kan, kí ikú ọmọ náà má bàa ṣojú òun. Ó sunkún.

Ẹ tún ẹsẹ 17 kà. Ìyá ló gbóhùn sókè, síbẹ̀ ohùn ọmọ ni a kọ pé Ọlọ́run gbọ́. Ọmọ tí omi ti gbẹ lára rẹ̀ kì í lágbára àtiké. Bó bá tilẹ̀ ń sunkún, omijé kì í jáde mọ́. Ẹ wá wo ẹsẹ 19. Ọlọ́run ṣí Hágárì lójú, ó sì rí kànga. A kò kà á níbẹ̀ pé Ọlọ́run gbẹ́ kànga. Hágárì ló dìde, òun ló pọnmi kún ìgò, òun ló fi fún ọmọ mu. Ká ní ó jókòó, tó ń yin Ọlọ́run nítorí kànga, tí kò pọnmi ńkọ́? Ó yẹ kí ìbéèrè yẹn dà wá láàmú.

Ohun tó sábà ń pa ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru ni omi àti iyọ̀ tó ń bá ìgbẹ́ náà jáde lára rẹ̀. Ẹni tó bá ní kí a má fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lómi kí ìgbẹ́ lè dúró, ibi ló ń ṣe, ì báà jẹ́ àgbà ìjọ. Kànga tiwa ni ORS, èròjà iyọ̀ àti ṣúgà inú sáṣẹ́ẹ̀tì tí a ń pò mọ́ omi fún ọmọ mu. Ẹ fi ọṣẹ fọwọ́. Ẹ ka ara sáṣẹ́ẹ̀tì: púpọ̀ jẹ́ ti omi lítà 1, àwọn kan kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ da gbogbo rẹ̀ sínú omi tí ẹ ti sè, tó sì ti tutù. Bí omi bá kéré jù, iyọ̀ yóò pọ̀ jù, yóò sì ṣe ọmọ léṣe. Bó bá pọ̀ jù, kò ní ṣiṣẹ́ tó. Ẹ má fi ṣúgà kún un, ẹ má sì gbé e kaná. Lẹ́yìn wákàtí 24, ẹ da èyí tó kù nù. Bí ẹ kò bá rí ORS, ṣíbí tíì 6 ṣúgà àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, tí a gé orí wọn dọ́gba, sínú omi lítà 1. Ṣúgà ló ń ṣílẹ̀kùn ìfun fún iyọ̀, omi a sì tẹ̀ lé e wọlé.

Lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, mílílítà 50 sí 100 fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2. 100 sí 200 fún ti ọdún 2 sí 10. Ṣíbí ni kí ẹ lò. Bó bá bì í, ẹ dúró ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀, ṣíbí kan ní ìṣẹ́jú 2 sí 3. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń jáwọ́, torí ìgbẹ́ kò tíì dúró. ORS kì í dá ìgbẹ́ dúró lójú ẹsẹ̀. Omi tó jáde ló ń dá padà. Ẹ má gba ọmú lẹ́nu ọmọ. Ẹ tún fún un ní oògùn síńkì, 20 mg lójúmọ́, ìdajì rẹ̀ fún ẹni tí kò tíì pé oṣù 6, fún ọjọ́ 10 sí 14, kódà bí ìgbẹ́ bá ti dúró.

Bí ojú bá jìn wọnú, bí awọ ikùn tí ẹ fà kò bá tètè padà, bí ọmọ kò bá lè mu omi, bó bá ń sùn ṣáá, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Bó bá ṣì lè mu, ẹ má dá ṣíbí dúró lójú ọ̀nà.

Lọ́dún 1971, ní àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò ní Bangladesh, oníṣègùn ará Íńdíà, Dilip Mahalanabis, jẹ́ kí àwọn ìbátan fún ara wọn ní omi yìí mu. Ikú láàárín àwọn aláìsàn já wálẹ̀ láti bí 30 nínú 100 sí ohun tí kò tó 4.

Nítorí náà, ìjọ tó yí ọmọ ká láti gbàdúrà, tí ẹnikẹ́ni kò mú ṣíbí dání, ìwọ̀n ìtafà kan ló jókòó sí. Ẹ̀yin tó ń wá ẹni tó fa àìsàn ọmọ, tí ẹ ń dárúkọ aládùúgbò, ẹ dákẹ́ lónìí. Omi tí kò mọ́ àti ọwọ́ tí a kò fọ̀ ni kí ẹ lọ wádìí. Ẹni tó sì ti sọ ọ̀rọ̀ burúkú sí ìyá ọmọ, kó lọ bẹ̀ ẹ́ kí oòrùn tó wọ̀. Ìgbìmọ̀ ìtọ́jú aláìní, ẹ má ṣe bíi Ábúráhámù: ìgò kan kò tó. Ẹ pèsè owó ọkọ̀ dé ilé ìwòsàn, kí ẹ sì bá wọn lọ.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbọ́. Agbára Hágárì tán ló fi gbé ọmọ kalẹ̀. Ọlọ́run kò bá a wí. Áńgẹ́lì Ọlọ́run pe orúkọ rẹ̀, ó bi í pé kí ló ṣe é, ó ní kó má bẹ̀rù. Àwa náà kò dá yín lẹ́bi. Ẹ kan ilẹ̀kùn wa, kódà lóru.

Ìkéde, torí àyè ti tán: Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Bíbélì, nọ́ọ̀sì yóò fi bí a ṣe ń po ORS hàn, ẹ mú ìgò lítà 1 àti ṣíbí wá, àti ẹ̀yin ọkùnrin pẹ̀lú. Ẹ mú káàdì àjẹsára ọmọ dání, kí a wò ó bó bá ti gba ti rota, kòkòrò kan tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru. Ìdánrawò akọrin di Ọjọ́ Ẹtì. Àbámẹ́ta ni a ó fọ táńkì omi ìjọ; ẹ mú búrọ́ọ̀ṣì wá.